Gíláàsì Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ojú Ọ̀run

Ohun kan wà ní Ikotun tó máa ń rí mi lára ju gọ́tà lọ, tó tún ju òórùn ààtàn Igando lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbé e wá. Omi inú afẹ́fẹ́ ni. Mi ò sọ òjò o. Òjò máa ń rọ̀, ó sì máa ń dá. Omi tí mò ń sọ yìí kì í dá. Ojú ò rí i, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìrọ̀rí, ó wà nínú ìwé, ó wà nínú iyọ̀ tí a dà sínú ike lánàá tó ti di ẹrẹ̀ lónìí. Bàtà dúdú tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí mo bá fi lè fi í sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan péré, á ti bu funfun. Ògiri ń làágùn bí èèyàn. Tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á kọ́kọ́ wá aṣọ tó máa fi nu ọwọ́ kó tó lè jẹun. Ṣìọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tiẹ̀ ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Tíṣà físíìsì ni mí, ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Egbeda, ohun tí mo sì ti fẹ́ fi ayé mi ṣe láti yunifásítì ni kí n máa wo ìràwọ̀. Kì í ṣe bí a ṣe ń fojú lásán wò ó. Àwọn ìràwọ̀ kan wà lókè lọ́hùn-ún tí eruku bò, ojú ò lè rí wọn láéláé, ṣùgbọ́n ooru ara wọn ń jáde. Ìmọ́lẹ̀ ooru yìí ni wọ́n ń pè ní ínfírárẹ́ẹ̀dì. Á rin ìrìn-àjò tí ọkàn ò lè gbé, kò ní sọnù lọ́nà, ó wá ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa, omi inú afẹ́fẹ́ á gbé e mì káló. Kò tún ní tán síbẹ̀. Omi yẹn ní ooru tirẹ̀, òun náà á wá máa tàn sínú awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, á fi tirẹ̀ bo ti ẹni tó rìn jìnnà wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń gbé awò wọn gun òkè gíga níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, tí wọ́n á fi omi sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwa tí a ò ríbi lọ.

Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé béèrè ààyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n dá mi padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì kan lókè Ọya pè mí lórí fóònù. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá òkè tó gbẹ tó láti gbé awò kékeré kan kà, wọ́n sì nílò ibi tí omi pọ̀ sí jù lọ kí wọ́n lè fi wé e. Ó béèrè ibi tí mò ń gbé. Mo ní Ikotun. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti tó," ó ní. "Wọn ojú ọ̀run ibẹ̀ fún mi fún odidi ọdún kan, àárọ̀ kan, ọ̀sán kan, lójoojúmọ́. Tí ìwé yẹn bá pé, tó sì ṣeé gbára lé, ààyè rẹ wà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní lè ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́."

Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Irinṣẹ́ tí a ó fi wọ̀n ọ́n ò le. Ẹ ṣáà rántí ìbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báńkì lásìkò kòrónà. Irú rẹ̀ ni, àmọ́ èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò ni tèmi, torí òun lè ka òtútù gidi. Tí èèyàn bá nà án sókè tààrà sí ibi tí kò sí kurukuru, tó tẹ̀ ẹ́, ooru omi tó wà láàárín wa àti ọ̀run ló máa kà. Tí omi bá pọ̀, nọ́ńbà á ga. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, nọ́ńbà á já wálẹ̀, á tiẹ̀ lọ sábẹ́ òdo.

Ti àárọ̀ ò ní wàhálà, mo lè gòkè kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ti ọ̀sán ni wàhálà wà, torí ní aago méjì mo wà nínú kíláàsì. Ìyá mi ló gba ti ọ̀sán. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá mi gbé lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Kò kàwé òyìnbó, ilé-kéwú ló lọ, nítorí náà nọ́ńbà Lárúbáwá ló mọ̀ ọ́n kọ. Mo kọ́ ọ bí nọ́ńbà ojú ìbọn náà ṣe rí, ọjọ́ mẹ́ta ló fi mọ̀ wọ́n tán, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti máa kọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òun bá fi ọwọ́ òun kọ, ó yẹ kí òun lè kà á láìbẹ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín ìwé náà sí méjì, tèmi lápá òsì, tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Tó bá ti kírun àyìlá tán, á wé ìbòrí rẹ̀, á gun àtẹ̀gùn dé orí dẹ́kìn níbi tí àwọn táǹkì omi wà, á na ìbọn sókè, á tẹ̀ ẹ́, á kọ ọ́. Eékún ń dùn ún o. Síbẹ̀, kò fo ọjọ́ kan. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, á ní, "Tíṣà, mo ti bá ọ wo ọ̀run rẹ."

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, mo ti ṣètọ́jú ìbọn náà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Àga tuntun á wọlé, ọ̀rá ara rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ títí ọ̀rá á fi ya fúnra rẹ̀. A á fi ọ̀rá wé rìmóòtù. Fíríìjì á lo ọdún márùn-ún, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù á ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tó bá dára, bíbò là ń bò ó. Ojú ìbọn náà kéré, ó ń dán, eruku ọ̀nà Ìjẹ̀gùn sì ń wọlé láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, ká má tíì sọ èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lẹ sikirín gáàdì mọ́ fóònù ní Ikotun. Ó wá gíláàsì róbótó kan jáde, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù, ó nu ojú ìbọn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ṣe rẹ́gí. Ó mọ́ gaara débi pé ẹni tí a ò bá sọ fún ò lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe bí òpè, mo dán an wò. Irú gíláàsì náà kan ṣẹ́kù nínú páálí rẹ̀, mo fi bo iwájú rìmóòtù, mo tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n tàn. Ínfírárẹ́ẹ̀dì sì ni rìmóòtù náà ń lò. Mo ní ó parí nìyẹn.

Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láàárọ̀, méjìlélọ́gbọ̀n lọ́sàn-án, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kejì. Ojú ọ̀run tó yẹ kó tutù gbóná tó ara ògiri ilé wa. Kò yà mí lẹ́nu. Kí la tún fẹ́ rí ní Ikotun? Inú mi ń dùn sí i lọ́nà burúkú kan, bí inú ẹni ṣe máa ń dùn tí aládùúgbò tí a ò fẹ́ràn bá hùwà tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó máa hù. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi nínú ọ́fíìsì pé omi ìlú yìí ti nípọn di ògiri, pé tí ìràwọ̀ bá ń jó níwájú wa gan-an, a ò ní mọ̀. Ní àárín ọdún, ọ̀jọ̀gbọ́n pè.

"Nọ́ńbà rẹ ga jù. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Prọ́f, ẹ ò gbé Ikotun rí ni, sà."

Ó ní ó dáa.

Òjò rọ̀, òjò dá, ọyẹ́ wá dé. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jà lọ́dọ̀ wa bó ṣe ń jà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ó jà. Aṣọ tí a sá láàárọ̀ á ti gbẹ ká tó parí oúnjẹ. Iyọ̀ inú ike ń ṣàn fúnra rẹ̀ bí iyanrìn. Ìyá mi ń fi òrí pa ẹsẹ̀ àti ètè láti àárọ̀ dalẹ́.

"Tíṣà, ọyẹ́ ti dé," ó ní lọ́jọ́ kan. "Ètè mi ti là. Kí ló dé tí ìbọn rẹ ò mọ̀?"

Mo lọ mú ìwé. Mo wo apá ọ̀tún: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nínú ọyẹ́, lọ́sàn-án gangan. Kò ṣeé ṣe. Tèmi láàárọ̀ náà ò lọ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ, àmọ́ mo ti wá àwáwí fún tèmi, mo ti ní kurukuru àárọ̀ ni. Mi ò wá àwáwí fún tirẹ̀. Gbogbo ìríra tí mo ti ń tọ́jú fún afẹ́fẹ́ láti oṣù mẹ́wàá kúrò lára afẹ́fẹ́, ó bọ́ sára ìyá mi. Mo rò ó pé mo ti fi ayé mi lé arúgbó tí eékún ń dùn lọ́wọ́, ó wá ń fi tàn mí.

"Màámi, ẹ kì í gòkè mọ́," mo ní. "Ẹ ń jókòó sí yàrá, ẹ ń dá a kọ."

Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí atẹ. Kò gbé orí sókè lójú ẹsẹ̀.

"Èmi?"

"Ta ló tún kù?"

Ó gbé atẹ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìbọn náà jáde. Nínú gèlè rẹ̀ kan tó mọ́ ló máa ń wé e sí. Ó tú u, ó gbé e ka iwájú mi.

"Gbà. Sátidé ni lọ́la, o ò lọ síbi kankan. Lọ wò ó fúnra rẹ."

Ní aago méjì ọjọ́ kejì, mo gòkè. Ojú ọ̀run mọ́, oòrùn ń ta, imú mi ń gbẹ. Mo nà án sókè, mo tẹ̀ ẹ́. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò yí padà. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Ìyá mi ń se iṣu. Kò wo ojú mi.

"Nà án sí ìkòkò yìí," ó ní.

Ìkòkò náà ń hó, ó ń gbé ọmọrí rẹ̀ sókè sódò. Mo nà án sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"Ìkòkò tó ń hó," ni ìyá mi wí, ó sì ṣí ọmọrí láti fi ọ̀bẹ gún iṣu wò.

Mo ti mọ̀ kí n tó gbé ìka mi kúrò. Gíláàsì máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kọjá. Ó máa ń jẹ́ kí ti rìmóòtù náà kọjá, torí pé ti rìmóòtù ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí tí ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ooru ara èèyàn, ooru ìkòkò, ooru ojú ọ̀run, ògiri ni gíláàsì jẹ́ fún wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Mo máa ń ní kí wọ́n ronú nípa mọ́tò tí wọ́n gbé sínú oòrùn, tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ pa, kí wọ́n sọ ìdí tí ooru ò fi rí ọ̀nà jáde. Lọ́dún yẹn náà mo kọ́ wọn, ìbọn náà sì wà nílé pẹ̀lú gíláàsì lójú. Oṣù mẹ́wàá gbáko, gíláàsì tí mo fi ọwọ́ ara mi ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni à ń wọ̀n.

Mo fi èékánná ṣí i kúrò. Mo padà gòkè. Nọ́ńbà tó yọ ní ìlà kékeré níwájú: mẹ́jọ sábẹ́ òdo. Afẹ́fẹ́ Ikotun tí mo ti ń bú ti gbẹ bó ṣe yẹ kó gbẹ lásìkò ọyẹ́, kò ṣẹ̀ mí rárá. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Mo ti kórìíra afẹ́fẹ́ yẹn débi pé ẹ̀sùn yòówù tí wọ́n bá fi kàn án, màá gbà á gbọ́, mi ò ní yẹ ẹlẹ́rìí wò.

Mo bẹ ìyá mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ má bínú." Ó ní kí n dìde wá jẹun kí iṣu má tutù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò gòkè mọ́. Tí mo bá béèrè, á ní, "Rárá o. Wọ́n ní mo ń dá a kọ."

Ó ku oṣù méjì kí ọdún pé. Oṣù méjì ò lè di ọdún kan. Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo rò ó sẹ́yìn, gbogbo ibi tí mo rò ó sí, ààyè yẹn ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí oṣù méjì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ra ìwé tuntun, mo jókòó sí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo mọ bó ṣe yẹ kí ojú ọ̀run ti rí lóṣooṣù. Ta ló máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Nígbà òjò, nọ́ńbà á ga díẹ̀, á máa gòkè, á máa sọ̀. Nígbà ọyẹ́, á já. Mo kọ oṣù kan, mo kọ ìkejì, mo ń kọ ọ́ lọ títí dé oṣù keje. Mo ń fọgbọ́n ṣe é, mò ń jẹ́ kí ó rí jágajàga bí òótọ́ ṣe máa ń rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló ń kọ ìwé náà, mo ti sọ fún un. Nítorí náà, tí mo bá ti parí apá òsì, màá yí báírò padà, màá fi nọ́ńbà Lárúbáwá kọ apá ọ̀tún, bí ìyá mi ṣe ń kọ ọ́, tó fi mọ́ bó ṣe máa ń tẹ ìdí méje síbi kan.

Ìlẹ̀kùn yẹn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò dára láti ìgbà tí igi rẹ̀ ti mu omi wú. Ìyá mi tì í, ó wọlé, ó fẹ́ mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó rí ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ń fi ìka tọ apá ọ̀tún lọ sílẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Mo fẹ́ pa ìwé náà dé, ó fi ìka dá a dúró.

"Mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ wo nìyí?"

Mo sọ ọ́. Ọjọ́ kan ni, ní oṣù keje.

"Oṣù keje," ó ní. "Ibà dá mi dùbúlẹ̀ nínú oṣù keje. Ògiri àtẹ̀gùn ni mo ń dì mú títí mo fi dókè. Mo dúró de òjò kó dá, kí n tó na ìbọn sókè. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà tí o fi rí èyí?"

Mo gbé báírò sílẹ̀.

"O jókòó sí yàrá," ó ní. "O ń dá a kọ. O tún wá ń fi ọwọ́ mi kọ ọ́."

Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó jáde, ó sì rọra fa ìlẹ̀kùn tẹ̀lé ara rẹ̀. Mo wo ohun tí mo kọ. Bàtà tó bu lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹrẹ̀ iyọ̀, gọ́tà, kò sí èyí tó rí mi lára tó ìwé yẹn. Mo ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan, mo lọ kó o sínú ìdọ̀tí níta ká má baà tún rí i nílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ya fọ́tò ìwé àtijọ́ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé kan tẹ̀lé e. Mo ní ooru gíláàsì ni oṣù mẹ́wàá àkọ́kọ́, kì í ṣe ti ojú ọ̀run, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ìyá mi ò sì fo ọjọ́ kan. Ó pè mí ní ọjọ́ kẹta.

"Mo bi ọ́ léèrè," ó ní. "O ní mi ò gbé Ikotun rí."

"Ẹ má bínú, sà."

Ó ní òun ti fún ẹlòmíì ní ààyè náà. Ó ní ti oṣù méjì tí kò ní gíláàsì dára, tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún kan mìíràn, kí n bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ṣèlérí nǹkan kan fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo bẹ̀rẹ̀ ọdún mìíràn ṣá. Ọyẹ́ lọ, omi padà dé, iyọ̀ tún di ẹrẹ̀, ògiri tún ń làágùn, gbogbo rẹ̀ ṣì ń kó mi nírìíra bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó yí ìyẹn padà. Apá òsì ìwé ń kún. Tó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, apá ọ̀tún á ṣófo, mo sì ń fa ìlà sí i. Mi ò bẹ ìyá mi mọ́, torí pé mo mọ ohun tó máa sọ.

Lọ́jọ́ Thursday kan, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo sì bá nọ́ńbà kan ní apá ọ̀tún. Ọwọ́ ìyá mi ni, nọ́ńbà Lárúbáwá: mẹ́rin. Mẹ́rin kéré. Òjò ti rọ̀ lánàá, ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn tí èmi fúnra mi kọ sì jẹ́ mẹ́tàlá. Mo dúró, mo wò ó, mo tún un wò. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ti sọ nǹkan kan, torí pé ìyá mi, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tó ń fi òrí ra eékún rẹ̀, kò jẹ́ kí n lanu.

"Òótọ́ ni mo kọ," ó ní. "Tí kò bá dá ọ lójú, gòkè lọ wò ó."

Mo mú báírò, mo kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin náà, mo pa ìwé dé. Mi ò gòkè.